Bí A Ṣe Fi Ọkọ̀ Bàbá Nóà Dáná

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ayùn rẹ́ ọkọ̀ tí mo jókòó sínú rẹ̀, agbami òkun la wà. Omi níwájú, omi lẹ́yìn. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ náà jókòó tì mí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni wọ́n gbà mí fún o. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé n óò tún di òṣìṣẹ́ sọ́mílù lórí omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ta oúnjẹ fún àwọn dẹ́rẹ́bà ní oríta Ore láyé ìjọba ológun, kò sí ohun tó tún lè bà á lẹ́rù, àfi kí iná kú nídìí ìkòkò.

Rẹ̀mí lorúkọ mi. Ìsọ̀ oúnjẹ mi wà létí títì, níbi tí ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Bìní ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Mò ń ta ìrẹsì, mò ń ta ẹ̀wà, ṣùgbọ́n pupuru mi ló gbé mi níyì. Fún ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa rí, ẹ̀gẹ́ ni pupuru. A óò rẹ ẹ́ sómi, a óò fún omi ara rẹ̀ dànù, a óò mọ ọ́n róbótó, a óò wá tò ó sórí àjà lókè ààrò kí èéfín gbẹ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a óò ha dúdú yẹn kúrò, a óò gún un, a óò rò ó lórí iná. Ó lè pẹ́ gan-an láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n bó ti wù kí ebi pa èèyàn tó, a kì í jẹ ẹ́ láìfojú kan iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn sójà ló lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Àsìkò yẹn ni wọ́n ní kí gbogbo ìlú máa tò sórí ìlà, tí wọ́n ń fi kòbókò kọ́ àgbàlagbà ní ìwà ọmọlúàbí. Wọ́n ní ìsọ̀ wa ń ba ẹwà títì jẹ́, títì tí ihò inú rẹ̀ lè gbé odindi ewúrẹ́ mì! Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni katapílà dé, ó sì tẹ ìsọ̀ mi mọ́lẹ̀ tòun ti ẹ̀wà tó wà lórí iná. Mo bi sójà tó dúró níbẹ̀ léèrè bóyá ẹ̀wà náà ni kò tò sórí ìlà. Kòbókò ló fi dá mi lóhùn.

Bàbá Nóà ń gbé lẹ́yìn sọ́mílù. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fún un nìyẹn, ó sì yẹ ẹ́, nítorí pé ọkọ̀ òkun ló ń kàn sínú àgbàlá ilé rẹ̀ ní Ore, níbi tí kò sí omi kankan tó ju ti kànga lọ. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ará Ajue. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti dé Bùràsíìlì. Nígbà tó padà sílé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Màmá Ìbídùn, pé òun rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń dín àkàrà létí títì níbẹ̀, pé àkàrà ni wọ́n sì ń pè é. Màmá ní irọ́ ni. Ó ní bóyá ẹmu ìlú òyìnbó ló yí i lójú, àfi bí òun bá fi ojú ara òun rí i.

Bàbá Nóà ní òun yóò mú un dé ibẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló fi ń kan ọkọ̀ náà, Màmá ń dáná fún un, ó ń dáná fún àwọn káfíńtà, ó sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá kú kí wọ́n tó kan ìṣó tó kẹ́yìn. Bàbá Nóà wá gbẹ́ ÌBÍDÙN sára pákó ọ̀gànwó kan tó fẹ̀, ó fi epo pa á títí ó fi ń dán, ó kàn án mọ́ ìdí ọkọ̀. Ó búra pé orúkọ náà yóò wọ èbúté Bùràsíìlì, kódà bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló máa wa ọkọ̀ náà débẹ̀.

Òun ló wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ìkòkò mi lábẹ́ àwókù.

"Rẹ̀mí, mo gbọ́ pé wọ́n ti wó ìsọ̀ ẹ."

"Wọ́n wó o, Bàbá."

"Ṣé wàá lè dáná lórí omi?"

"Ṣé sójà wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ìgbà wo là ń lọ, Bàbá?"

Mo kó àwọn ọmọ mi lọ bá ìyá mi ní Ago Alaye. Ìyá mi ní orí mi ti dàrú. Mo ní orí ìjọba ló kọ́kọ́ dàrú, tèmi kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Agbégilódò, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ìtì igi wá sí sọ́mílù, ló gbé ọkọ̀ omi náà lọ sí Agbabu, níbi tí odò wà. Gbogbo Ore jáde wá wò wá. Ní Agbabu, Bàbá Nóà bu ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ìjọba kan kò tíì wá kí ó má sọ pé òun fẹ́ fi sọ wá di olówó. Ó sè é, ó fi dí gbogbo ojú pákó kí omi má baà wọlé. Láyé mi, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí kí ọ̀dà náà ṣe nìyẹn.

Ibẹ̀ la ti bá Bọ̀sún, apẹja ọmọ Ìlàjẹ tí yóò máa ran Bàbá Nóà lọ́wọ́. Òun ló sọ ara rẹ̀ ní Bọ̀sún, orúkọ tí wọ́n ń pe olórí àwọn atukọ̀ nínú ọkọ̀ òyìnbó. Ó ní orí omi ni wọ́n bí òun sí, ó sì ń wo àwa yòókù bí ìgbà tí èèyàn ń wo adìẹ tó bọ́ sínú odò.

Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Ìgbòkun ló ní, aṣọ ńlá tí wọ́n ta sórí òpó. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ aṣọ náà, ọkọ̀ á lọ. Bí kò bá fẹ́, a jókòó. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún pásítọ̀ tí wọ́n pè láti gbàdúrà fún wa? Àgbẹ̀ kòkó ni òun àti gbogbo ìjọ rẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ mọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ni pé ó máa ń ṣí òrùlé, ó sì máa ń dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè:

"Olúwa, de afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí ọkọ̀ yìí! Kí atẹ́gùn kankan má ṣe fọwọ́ kàn án!"

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ wí, tèmi sì ròkè jù. Bàbá Nóà nìkan ló la ojú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ta ni wọ́n ti máa gbọ́ pé kò ṣe àmín sí àdúrà?

A gba ojú odò lọ sí ọ̀sà, a sì gba ọ̀sà jáde sí òkun. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti gbóòórùn epo pupa ni n óò sáré lọ bì sómi, Bọ̀sún ló sì dáná fún alásè. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ilé tí kì í dúró sójú kan. Mo fi wáyà de ìkòkò mọ́ sítóòfù kẹrosíìnì. Ọ̀já tí mo fi pọn àwọn ọmọ mi ni mo fi de ara mi mọ́ òpó kí n tó lè ro ọbẹ̀. Omi òkun la fi ń fọ abọ́, òun la fi ń wẹ̀, ọṣẹ kì í sì í hó nínú rẹ̀. Bí ara bá gbẹ, iyọ̀ á funfun lápá wa. Mo ta aṣọ kan sáàárín kí n lè ní yàrá tèmi, yàrá tí mi ò lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń tọ́ ọkọ̀, ẹnì kan á sùn, ẹnì kẹta á máa gbọ́n omi. Kò sẹ́ni tó sùn tẹ́rùn.

Bọ̀sún ló kọ́ mi pé bí mo bá ń se iṣu, kí n bu omi òkun díẹ̀ mọ́ omi dáadáa, kò ní nílò iyọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bu ìlàjì-ìlàjì. Bàbá Nóà fi ẹnu kàn án, ó tutọ́ sómi. Bí inú bá bí i, èdè Ajue ló ń sọ.

"Usu rè é?" ló ní. "Àbí iyọ̀ lo bó léèpo tó o sè?"

Báyìí la ṣe ń lọ jẹ́jẹ́ títí ìgbì kan fi gbé wa sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó sì jù wá sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń já ìtì igi. Omi ya wọlé, ó wọ inú àpò gàrí. Gàrí mumi òkun, ó wú, ó sì ya àpò. Jálá kẹrosíìnì bọ́ lu ìṣó, ó lu, gbogbo kẹrosíìnì wa sì ṣàn sábẹ́ ọkọ̀, sórí àpò pupuru. Bí ìgbì náà ti kọjá báyìí, afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ìgbòkun rọ̀ wálẹ̀ bí ìró tí wọ́n sá sí àgbàlá. Lọ́jọ́ kejì, kò fẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, kò fẹ́. Òkun dán bí epo.

"Pásítọ̀ yẹn lágbára o," Bọ̀sún wí. "Ọlọ́run gbọ́ tiẹ̀ jù."

Oúnjẹ kù: pupuru, ẹ̀wà, iṣu díẹ̀ àti ẹja tí Bọ̀sún ń pa. Kò sí èyí tí kì í fẹ́ iná nínú wọn. Mo wò yí ká. Inú sọ́dọ́ọ̀sì, lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń rẹ́ dànù, tí a bù ní sọ́mílù ni Bàbá Nóà kó iṣu sí kí wọ́n má baà máa lu ara wọn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń bẹ̀rù sọ́dọ́ọ̀sì ní Ore? Láti ìgbà tí kẹrosíìnì ti di ohun tí à ń lọ tò sórí ìlà fún, òun ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dáná. A óò gbé agolo ńlá, a óò dá ihò sísàlẹ̀ rẹ̀, a óò gbé ìgò sáàárín, a óò ki sọ́dọ́ọ̀sì yí ìgò náà ká títí yóò fi le gbagidi. Tí a bá yọ ìgò, ihò á kù láàárín, a óò ṣáná sí i láti ìsàlẹ̀. Kì í bú yàà, ó kàn ń jó díẹ̀díẹ̀ láti inú wá síta ni, ó sì lè se ẹ̀wà jinná.

Mo se pupuru lálẹ́ yẹn. Ó jinná, àmọ́ kẹrosíìnì kò kúrò lára rẹ̀. Bọ̀sún ní kí ẹnikẹ́ni má gùnfẹ̀ nítòsí iná. Mo wá ta okùn sókè agolo, mo so pupuru yòókù kọ́ ọ kí èéfín lè máa lù ú bíi ti ilé, òórùn náà sì ń dín kù bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́.

Sọ́dọ́ọ̀sì tán kí afẹ́fẹ́ tó dé. Ìgbà náà ni mo yíjú sí tábìlì.

"Bàbá, tábìlì yìí ńkọ́?"

"Igi afárá ni."

"Mi ò bi yín lórúkọ ẹ̀, Bàbá. Mo ní ṣé ó ń jó?"

Ó na ayùn sí mi. A tẹ́ aṣọ sábẹ́ kí sọ́dọ́ọ̀sì kankan má baà ṣòfò. Èyí tó kúnná, mo kì í sínú agolo. Èyí tó ṣẹ́ kù, mo gé e wẹ́wẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìdúnàádúrà dé sáàárín èmi àti Bàbá Nóà láràárọ̀. Ó mọ igi kọ̀ọ̀kan, ó mọ inú igbó tó ti wá, ó sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún mi kí n lè ṣàánú rẹ̀. Ibùsùn Bọ̀sún jẹ́ arère: ó jó bíi bébà, ẹ̀wà ò sì jinná. Ibùsùn tèmi tẹ̀ lé e. Ìlẹ̀kùn jẹ́ ìrókò, ó le láti rẹ́, sọ́dọ́ọ̀sì rẹ̀ sì mú wa sín títí a fi ń sunkún. Àpótí, àga, pákó ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo fi se oúnjẹ. Bọ̀sún ní láyé òun, òun ti gbọ́ pé ìgbín ń ru ilé rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n òun ò gbọ́ pé ó jẹ ẹ́ rí.

Lọ́jọ́ tí mo rẹ́ àga tán, Bọ̀sún dìde dúró, ó kọjú sókè. "Olúwa," ló ní, "àdúrà tí pásítọ̀ gbà ní Agbabu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé e. Kò mọ̀ pé ìgbòkun la ní." Mo rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ kò dé lọ́jọ́ náà, kò sì dé lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó dé, ó fẹ́ ìgbòkun, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Títí dòní ni Bọ̀sún ń sọ pé òun ló ṣe é.

A ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tí a ti fi jókòó ti jẹ wá níṣu àti ẹ̀wà. Pupuru ló kù, igi sì ti tán. Mo fọwọ́ kan pákó kan, Bàbá Nóà ní: "Ohun tó kù yẹn, òun ló dá wa dúró lórí omi. Bó o bá fi se oúnjẹ, ẹja ni yóò jẹ ẹ́, tòun ti ìwọ alásè." Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò gbé nǹkan kan dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. A ń la ẹja, a ń sá a sóòrùn, a ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsè.

Lẹ́yìn náà ni ibà dá Bọ̀sún dùbúlẹ̀. Ẹja àìsè náà kò dúró nínú rẹ̀. Bó bá ti jẹ ẹ́ ló ń bì í. Ọkùnrin tí wọ́n bí sórí omi wá rọ síbẹ̀, ojú rẹ̀ jìn, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo ní, "Bàbá, bí kò bá rí nǹkan gbígbóná mu lónìí, kò ní fojú kan ilẹ̀."

Bàbá Nóà so ìtọ́kọ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òòlù, ó lọ sí ìdí ọkọ̀. Mo gbọ́ bí ìṣó ṣe ń han bó ṣe ń fà á yọ. Nígbà tó padà, ó gbé pákó ọ̀gànwó náà sílẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbé e padà. Ẹ jẹ́ ká tún wò ó."

"Rẹ̀mí, ta ló dáná fún mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń kan ọkọ̀ yìí?"

"Màmá ni."

"Ṣé ebi pa ẹnikẹ́ni lójú ẹ̀ rí?"

"Rárá o."

"Ó dáa. Jẹ́ kó tún dáná lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmọ́ èmi ni n óò rẹ́ ẹ."

Ó fi orúnkún tẹ pákó náà mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí orúkọ, ó ń rẹ́ ẹ wá síwájú. Omi ń jáde lójú rẹ̀, kò nù ún. Èmi náà sunkún, kì í ṣe èéfín, torí iná ò tíì sí. Ọ̀gànwó tí wọ́n ti fi epo pa látọdún yẹn jó dáadáa, n kò rí iná tó dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀ lórí omi. Mo ro pupuru ní àròṣàn, mo fún Bọ̀sún mu díẹ̀díẹ̀. Ó dúró sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ní iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, mo sì mọ̀ pé kò ní kú mọ́. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a fi sè é, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ará oko! Ìyàwó Bàbá lẹ fi se oúnjẹ fún mi?"

"Òun ló sè é," Bàbá Nóà wí. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Pákó náà kò tíì jó tán tí a fi rí ẹyẹ, a sì rí ilẹ̀ lẹ́yìn ẹyẹ. Nígbà tí a wọ èbúté Bùràsíìlì, ọ̀gá kan lára àwọn òṣìṣẹ́ èbúté gun inú ọkọ̀ wa wá. Ó wò yí ká: kò sí tábìlì, kò sí ibùsùn, kò sí ìlẹ̀kùn. Ó béèrè bóyá olè ló kó wa lójú omi. Bàbá Nóà, tó ṣì rántí díẹ̀ nínú èdè wọn, ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bọ̀sún nawọ́ sí mi.

Ọ̀gá náà tún béèrè orúkọ ọkọ̀. Bàbá Nóà ní Ìbídùn ni. Ọkùnrin náà lọ wo ìdí ọkọ̀, ihò ìṣó nìkan ló rí. Ó béèrè ibi tí orúkọ náà wà. Bàbá Nóà gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀, ó tún nawọ́ sí ikùn tèmi, ó nawọ́ sí ti Bọ̀sún. Ọ̀gá náà ní kí a máa wọlé, kí a lọ sinmi.

Irọ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ àkàrà. Obìnrin kan jókòó létí títì, agbada epo pupa níwájú rẹ̀, òórùn ilé wa gan-an ló ń ta. Bàbá Nóà ra ọ̀kan, ó bù ú jẹ, ó sì gbójú sókè láàárín èrò.

"Ìbídùn!" ló pariwo. "Ṣé mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ?"

Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan tó ń bọ̀ ní Èkó ló gbé wa padà. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí ilé ìdáná tí kì í mì, tó sì ní iná tó ń jó láìjẹ ilé. Ọkọ̀ tiwa, a fi egungun rẹ̀ sílẹ̀ fún apẹja kan níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti tún un kàn padà. Mo dé Ore, mo bá àwọn sójà níbi tí mo fi wọ́n sí. Mo kọ́ ìsọ̀ tuntun, mo mú un jìnnà sí títì díẹ̀ kí ojú katapílà má baà tètè tó o. Ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá Nóà ti ń jẹun títí ó fi darúgbó, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò ní sọ pé iyọ̀ pọ̀.

Kò pẹ́ tí mo ṣí ìsọ̀ náà ló gbé nǹkan kan dé lábẹ́ abíyá, ó fi aṣọ wé e. Pákó ìrókò ni, ó ti gbẹ́ ÌBÍDÙN sí i lára ní lẹ́tà ńláńlá. Ó gun àga, ó fúnra rẹ̀ kàn án sókè ẹnu ọ̀nà mi, ó fi ìṣó mẹ́rin dè é níbi tó yẹ kí méjì ṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ìka sí mi.

"Rẹ̀mí, bí kẹrosíìnì bá tún tán, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí o."

Mo ní mo ti gbọ́, Bàbá. N kò ṣèlérí.